Ẹ wa píkọ́ọ̀pù yín wá ní Sátidé o

Ẹ okun o, ẹ̀yin ará wa tá a jọ ń tún píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ṣe. Ìpàdé oṣù yìí á wáyé ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní Kàbà, ibi tá a máa ń lò náà ni. Ẹni tí tiẹ̀ bá ń rìn kó wà á wá, ẹni tí tiẹ̀ ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù kó ya fọ́tò abẹ́ ẹ̀ wá, abẹ́ o, kì í ṣe iwájú tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà.

Abẹ́ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 tèmi, ara àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná níbi tí Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, òde ẹ̀ ń dán gbinrin, àfìgbà tí mo ká rọ́bà ilẹ̀ ẹ̀ sókè, mo fìka tẹ páànù, ìka wọlé, mo ń wo koríko nísàlẹ̀! Pánẹ́ẹ̀lì bítà ní ká kàn lẹ páànù lé e, mo ní rárá o, kó gé gbogbo ibi tó ti dípẹtà kúrò kó tó jó tuntun mọ́ ọn, torí tá a bá bò ó mọ́lẹ̀ ṣe ló máa jẹ ẹ́ lọ lábẹ́ ibẹ̀.

Ẹ má ju kábúrétọ̀ àtijọ́ nù, ẹ kó o wá, jẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀, ìyẹn ojú ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá, lẹlòmíì ń wá kiri. Gásíkẹ̀ẹ̀tì "tuntun" tí mo rà, ọjọ́ mẹ́ta ló lò kó tó máa jo omi.

Owó ẹgbẹ́ toṣooṣù: ẹ̀yin tẹ́ ò tíì san, ẹ mọ ara yín. Tójò bá ń ṣú, ẹni tí wípà ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ kó kúkú gun ọ̀kadà wá.