Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Orúkọ Tó Sún Mọ́ Ọn Jù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí níbí ní Ìṣẹ́yìn, àwọn ọmọ tó fẹ́ẹ́ jókòó WAEC ni mò ń kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn òbí àtàwọn tíṣà lẹ́sìn létí.

Nínú ìdánwò yẹn, wọ́n máa ń fa ọ̀rọ̀ kan yọ nínú àyọkà, wọ́n á ní kí ọmọ sọ orúkọ tí gírámà ń pè é àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Tó bá jẹ́ participle phrase, ìyẹn àpólà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi "weeping" tàbí "tied", àfi kó dárúkọ ohun tó ń yán gan-an, ìyẹn ọ̀rọ̀ orúkọ tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kùnà, torí wọ́n ti há a sórí pé ọ̀rọ̀ orúkọ tó bá sún mọ́ ọn jù ni. Mo tiẹ̀ rí i nínú ìwé pélébé kan tí wọ́n ń tà fún wọn. Irọ́ ni.

Ẹ wo èyí: "The boy ran to his mother, weeping bitterly." "Mother" ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "weeping", síbẹ̀ ọmọ ló ń sunkún. Kọ́mà yẹn ló dá ẹkún náà padà fún un. Ẹ yọ kọ́mà kúrò, ó lè wá jẹ́ ojú ìyá lomi á ti máa bọ́. Èyí tó bá ṣíwájú gbólóhùn, olùwà gbólóhùn náà (subject) ló ń yán. Ìdí nìyẹn tí "Walking to the market, rain beat me" kò fi dára: ohun tó ń sọ ni pé òjò ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà.

Yorùbá ni mo fi ń tú u fún wọn. "Bí mo ṣe ń lọ sọ́jà, òjò pa mí": "mo" wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣì í gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e pamọ́, ọmọ ló máa wá a jáde. Nítorí náà mo máa ń bi wọ́n pé, "Ta ló ń ṣe é?" Tó bá jẹ́ "Mama sold the goat tied to the tree", mo máa ń bi wọ́n pé, "Kí ni wọ́n so?" Kíá ni wọ́n ń dáhùn.

Ó ń dùn mí pé àwọn ilé-ìwé kan ṣì ń gba fáìnì lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò sì bà jẹ́ rárá.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá wá ẹni náà rí, kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "It qualifies the noun 'boy'." Ẹni tó bá kọ "mother" kò ní rí máàkì gbà níbẹ̀.

Èmi ni,
Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kan, Ìṣẹ́yìn