Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ nípa àìsàn àbúrò rẹ̀

Òkè-Fìà,
Òṣogbo.
Oṣù Keje.

Àdùkẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì dúpẹ́ pé àlàáfíà ni ẹ wà ní Kánádà. Òjò ń pa wá níbí, ṣùgbọ́n a ò ráhùn, àgbàdo ti pọ̀ lọ́jà Ọba.

O ní ara àbúrò rẹ, tí dókítà ní bipolar ló ń ṣe, ti balẹ̀, ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, Mọ́mì sì ní kí ẹ má dárúkọ ilé ìwòsàn mọ́ kí ẹ má baà fi ẹnu pe àìsàn padà. Mo bọ̀wọ̀ fún Mọ́mì, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú wọn lórí èyí. Àsìkò yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ìgbà tí àìsàn náà bá tún mú kí ara rẹ̀ yá jù, òun ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀rù ò sì ní jẹ́ kí ẹ̀yin náà ronú.

Ní ti orúkọ tí dókítà pe àìsàn náà, ó tọ̀nà. Bipolar ni kí ara èèyàn yá kọjá ààlà fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán: kó máa sọ̀rọ̀ láìmí, kó má sùn, kó máa náwó, kó máa dá ilé-iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà mìíràn á dé tí ọkàn rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìwẹ̀ pàápàá á di ẹrù. Láàárín méjèèjì, ọmọ tí ẹ mọ̀ ni. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ìgbà ọ̀dọ́langba sí nǹkan bí ọdún 25, ìyẹn ìgbà tí ẹbí ń retí kó parí ìwé tàbí kó gbé ìyàwó, ló fi jẹ́ pé àwọn aládùúgbò ti ní àlàyé nílẹ̀ kí dókítà tó sọ̀rọ̀. Bí ara bá yá jù, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Bí ọkàn bá rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Àjọ ìlera àgbáyé ka àwọn tó ní in tó mílíọ̀nù 40 lágbàáyé ní 2019. Ìyá wo ló lè fa gbogbo ìyẹn? Sọ ọ́ fún Mọ́mì, wọn kò tíì yé dá ara wọn lẹ́bi.

Ìgbà tí aláìsàn bá gbádùn ni ìjà máa ń pọ̀ jù nínú ilé. Bó bá rẹ́rìn-ín sókè, ìyá á wo ojú rẹ̀. Bó bá ra bàtà tuntun, ẹ̀gbọ́n á béèrè èló ni. Bí wọ́n bá mú un bínú tó sì bínú, wọ́n á ní, "Ṣé o ti lo oògùn rẹ?" Àgbà ọkùnrin ni. Ìbéèrè yẹn ń dùn wọ́n ju abẹ́rẹ́ lọ, àwọn mìíràn sì ti tìtorí rẹ̀ da oògùn sílẹ̀, kí wọ́n lè fi han ilé pé ara àwọn ti yá. Ohun tó ṣeé kà ni kí ẹ máa wò, ẹ fi ẹ̀rín rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Oorun ni àkọ́kọ́. Ẹni tó sun wákàtí 4 tó wá ń tòògbé lọ́sàn-án, oorun ló jẹ ní gbèsè, kò séwu. Ẹni tó sun wákàtí 3 lóru méjì léra wọn, tí kò rẹ̀ ẹ́, tó tún ti fọ aṣọ gbogbo ilé kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ pe dókítà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Kó ra ìwé ìkọ̀wé kan, kó fa ìlà márùn-ún sí i: ọjọ́, iye wákàtí tó sùn, bí ara ṣe rí láti -5 (ìrẹ̀wẹ̀sì) dé +5 (ara-yíyájù), 0 ni déédéé, oògùn tó lò, àti owó tó ná yàtọ̀ sí ti oúnjẹ àti ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni kó máa kọ ọ́, ìṣẹ́jú méjì lálẹ́. Bó bá jẹ́ Mọ́mì ló ń kọ ọ́, ìwé ọlọ́pàá ló dà yẹn.

Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ ní oṣù tó ń bọ̀. Lálẹ́ tí wọ́n bá tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní sùn, òun náà á sì fẹ́ jó. Kó lọ, kó kí àwọn èèyàn, kó ti wà nílé ní aago mẹ́wàá. Ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì àti òru mẹ́wàá ìkẹyìn Ramadan ńkọ́? Bákan náà ni. Àìsùn òru kan péré lè ti ẹni tó ní bipolar sínú ara-yíyájù. Pásítọ̀ tó bá gbọ́n á ní kó wá gbàdúrà tirẹ̀ lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ lithium, oògùn tó ń lò, ló kàn, farabalẹ̀ kà á. Láti 1949 ni John Cade, dókítà ará Australia, ti kọ̀wé lórí bó ṣe ń wo ara-yíyájù. Oògùn gidi ni, ó tilẹ̀ ń dín iye àwọn tó ń pa ara wọn kù. Ṣùgbọ́n àyè kékeré ló wà láàárín ìwọ̀n tó ń woni sàn àti ìwọ̀n tó ń pani lára. 0.6 sí 0.8 mmol/L ni àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà mìíràn kó dé 1.0. Bó bá kọjá 1.5, ó ti ń di májèlé. Wákàtí 12 lẹ́yìn èyí tó lò kẹ́yìn ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀: bó bá lo ti alẹ́ ní aago mẹ́sàn-án, kó wà ní láàbù ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ láìtíì lo ti òwúrọ̀. Bó bá ti lò ó kó tó lọ, èsì á ga lásán, dókítà á dín oògùn kù, nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan ara á tún yá jù, ilé á wá máa sọ pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Tó bá ti dúró, kó jẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní ọdún àkọ́kọ́. Kí wọ́n sì máa yẹ kíndìnrín àti thyroid tó wà lọ́rùn wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ohun tó ń gbé lithium sókè nílé wa nìwọ̀nyí. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, torí pé ó ń mú èèyàn yàgbẹ́, omi ara á gbẹ, kíndìnrín á wá dá lithium dúró sínú ara. Ibà tó mú èébì wá. Ààwẹ̀ gbígbẹ láìkọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Kí wọ́n ṣàdédé yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru Mọ́mì. Ìbúprófèènì àti diclofenac, tí kẹ́mísì á kàn nà sí i fún ẹ̀yìn ríro. Paracetamol ni kó máa lò. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tún wà níbẹ̀, bíi lisinopril, nítorí náà kó má ṣe bá Mọ́mì pín oògùn láé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n gìrìgìrì (gbígbọ̀n díẹ̀ kò burú), tó ń bì, tó ń yàgbẹ́, tí ahọ́n rẹ̀ wúwo tó sì ń rìn bí ọ̀mùtí, kó má lo èyí tó kàn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo kẹ́mísì ló ní lithium. Kí ti ọ̀sẹ̀ méjì máa wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, torí pé bó bá ṣàdédé dáwọ́ dúró, ara-yíyájù lè padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tó bá wá di ìgbà ìrẹ̀wẹ̀sì, kí ẹlòmíràn tọ́jú oògùn náà síbi tó ní kọ́kọ́rọ́, kó máa fún un ní ti ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lóṣù yìí ni ìwé àdéhùn. Òun, Mọ́mì, àti ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, kí wọ́n jókòó. Kó sọ fúnra rẹ̀ ohun tó máa ń kọ́kọ́ yí padà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, kó sọ ẹni tó fẹ́ kó bá òun sọ ọ́, ilé ìwòsàn tó fẹ́, oògùn tó bá a lára mu àti èyí tí kò bá a mu. Ti owó: káàdì ATM tó ń náwó ṣọ́ọ̀bù á bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí méjì bá pé nínú àwọn àmì tó sọ yẹn, owó díẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ojú má baà tì í. Kó ní kí báńkì dín iye tó lè fi ránṣẹ́ lójúmọ́ kù, kó pa áàpù ìyáwó rẹ́ kúrò lórí fóònù, kí ìwé ilẹ̀ Bàbá yín wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Ohunkóhun tó bá fẹ́ rà tàbí tà tó pọ̀, kó sun oorun méjì lé e lórí, kó bi èèyàn méjì. Kó buwọ́ lù ú, kí ẹ ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta. Bí òun bá ti sọ ọ́ nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé, ẹ kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá mú un ṣẹ. Ó lè bínú síbẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Bí ọjọ́ náà bá dé láìfọ̀rọ̀ lọ̀, ẹ pa rédíò, ẹ ní kí àwọn àlejò máa lọ, ẹ kó ọ̀bẹ àti kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà kúrò nílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bá a sọ̀rọ̀, gbólóhùn kúkúrú kúkúrú. Bó bá ní òun ló máa jẹ Àtaọ́ja, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì kí i ní Kábíyèsí. "O ò tíì sùn láti ọjọ́ méjì, jẹ́ ká lọ rí dókítà" ti tó. Ẹ má tàn án pé òde ìnáwó lẹ ń lọ, torí kò ní wọ ọkọ̀ yín mọ́ láyé. UNIOSUN Teaching Hospital níbí ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ. Bí bẹ́ẹ̀dì ò bá sí, ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ifẹ̀ ni kí ẹ forí lé. Bí wọ́n bá fún un ní haloperidol, abẹ́rẹ́ tó ń mú ara balẹ̀, ọrùn rẹ̀ lè wọ́, kí ojú yí sókè, kí ahọ́n nípọn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ibẹ̀ ni àwọn ẹbí ti máa ń pariwo pé wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ bà á jẹ́, tí wọ́n á sì gbé e sá lọ. Ẹ dá a padà síbẹ̀. Oògùn wà tó ń tú u kíákíá, benzhexol ni wọ́n sábà máa ń fún wọn.

Ìdẹ̀kùn tó léwu jù ni ìrẹ̀wẹ̀sì tó máa ń tẹ̀ lé ara-yíyájù, nígbà tí gbèsè àti ìtìjú bá wọlé pọ̀, tí ilé sì ti sinmi pé ó ti dákẹ́. Kí ẹnì kan bi í láìfi bọpo bọyọ̀: "Ṣé ó ń wá sí ọ lọ́kàn láti pa ara rẹ?" Ìbéèrè náà kì í fi èrò ọ̀hún síni lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kó má dá wà, kí oògùn apakòkòrò kúrò nílé, kó rí dókítà lọ́jọ́ náà. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí kẹ́mísì bá tà fún un láìsí èyí tó ń mú ìṣesí dúró déédéé, bíi lithium, lè tì í padà sókè, ẹ má gbà á.

O béèrè nípa bàbá onísègùn tí Bọ̀ọ̀dá yín dámọ̀ràn. Igi asofẹ́yẹjẹ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, n kò sì ní sọ pé omi lásán ni: èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú rẹ̀, ó ń mú èèyàn sùn ní tòótọ́. Ó tún ń rẹ ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, kò sì yẹ ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì. Bí ó bá pàdé oògùn ilé ìwòsàn nínú ara kan náà, èèyàn lè ṣubú lulẹ̀ bó bá dìde. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn, ẹ má dé ibẹ̀ rárá. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin Lunacy (òfin wèrè) tó ti wà láti 1916, aláìsàn ti ní ẹ̀tọ́. Ní 1954 pàápàá, ní Arò l'Ábẹ́òkúta, dókítà ọpọlọ Adéoyè Lámbò ti ń jẹ́ kí àwọn ẹbí bá aláìsàn gbé ní abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, láìde ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìyàwó tó fẹ́ fẹ́: wọ́n máa ṣèwádìí, wọ́n sì máa gbọ́. Kó sọ ọ́ fún ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ kí alárinà tó sọ ọ́. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá bí, nǹkan bí ọ̀kan ló lè ní in.

Ìwọ náà ńkọ́? Má fi owó ránṣẹ́ sí i tààrà bó bá pè ọ́ lóru. Sọ fún un pé o gbọ́, pé wàá fèsì lẹ́yìn oorun méjì, gẹ́gẹ́ bí ìwé àdéhùn ṣe wí. Owó tí ò ń fi ṣe ìpàdé àdúrà lóṣooṣù, bóyá kí o fi ìdajì rẹ̀ gba ẹni tí yóò máa wá sun ilé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí Mọ́mì lè sùn. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà ga.

Bí o bá pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, béèrè ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, aago tí wọ́n gbà á, àti èsì tó wà lórí ìwé náà, kí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kí o sì bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjọkẹ́.