Ìhalẹ̀ Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Gbé Mì

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù àti gbogbo ìlú tó yí wọn ká,

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun máa pa yín, tàbí òun máa da ásíìdì sí yín lára, ẹ gba téṣàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo mọ̀ pé wọ́n á sọ fún yín pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ta ló ń lọ kóòtù? Àkọsílẹ̀ lẹ ń lọ ṣe, kí ọlọ́pàá ti mọ orúkọ onítọ̀hún kí aburú tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ rẹ́, bó ti wù kó dùn yín tó. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù kí nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago hàn níbẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ tí ẹ fi pamọ́ sórí fóònù, bíi “Bọ̀dá Ṣínà”, nìkan ló hàn, kò jẹ́rìí ohunkóhun. Nọ́ńbà ni ẹ̀rí. Bó bá fẹnu sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, kódà bó jẹ́ Ìjẹ̀bú ló fi sọ ọ́, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má halẹ̀ padà: èsì yín náà á wà nínú fóònù, ìjà ìgboro ni wọ́n á kà á sí.

Ẹ mú ẹnì kan dání lọ sí téṣàn. Ní káńtà, ìhalẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó dá ìjà sílẹ̀, bí owó àjọ, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ gbèsè ni, bẹ́ẹ̀ Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 kò fàyè gba kí wọ́n mú ènìyàn torí gbèsè. Ìhalẹ̀ tó gba orí fóònù wá ní òfin tirẹ̀: abala 24 Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015.

Bí ọlọ́pàá bá bá yín kọ sítétímẹ́ǹtì, kó kà á sí yín létí kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù: “ó ní òun máa ṣá mi ládàá” á di “a jọ jà”. Ẹ gba orúkọ IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ yín. Ìfisùn kì í gbowó. Bí wọ́n bá lé yín ní káńtà, ẹ béèrè DPO, ìyẹn ọ̀gá téṣàn náà. Bí ìyẹn náà ò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá ní Eléwéẹran, Abẹ́òkúta, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ gba ẹ̀dà tiyín.

Bí ẹni tó halẹ̀ náà bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ ké sí aládùúgbò, ẹ pe 112.

Ẹbí ẹni tó halẹ̀ á wá bẹ̀bẹ̀, bóyá wọ́n á gba ọ̀dọ̀ Báálẹ̀ wá. Ẹ gbọ́ wọn, àmọ́ ẹ má fa ẹjọ́ náà padà àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti buwọ́ lùwé ní téṣàn pé òun ò ní fọwọ́ kàn yín, tí onídùúró sì buwọ́ lù ú pẹ̀lú.