Kí Wọ́n Yí Àkókò Ẹ̀kọ́ Náà, Kí Wọ́n Má Gé E Kúrú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo kọ̀wé yìí nípa ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pàjáwìrì àti àwọn elétò ìlera mìíràn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ń kọ́ kí wọ́n lè di olùrànlọ́wọ́ dókítà, ìyẹn ẹni tó ń yẹ aláìsàn wò, tó ń wádìí ohun tó ń ṣe é, tó sì ń kọ oògùn fún un, tí òun àti dókítà jọ ń ṣiṣẹ́.

Nítorí irú wọn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Dókítà Eugene Stead dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Duke, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1965, àwọn mẹ́rin tó kọ́kọ́ gbà ti ṣe ìtọ́jú aláìsàn rí nínú iṣẹ́ ológun ojú omi. Mẹ́ta nínú wọn ló jáde lọ́dún 1967. Oyè másítà ló dà ní Amẹ́ríkà báyìí, ó sì máa ń gbà tó nǹkan bí oṣù 27 ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́.

Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n gé e kúrú fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí ẹni tí kò lè mí dáadáa bá dé, nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ yóò ti gbé ìgbèrí ibùsùn sókè, yóò ti fi ọ́síjìn sí i nímú, kí ẹnikẹ́ni tó pàṣẹ. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Àmọ́ ṣé ikọ́ fée ni, àbí ọkàn ni kò lágbára mọ́, àbí ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró? Ìtọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, ọrùn olùrànlọ́wọ́ dókítà sì ni ìdáhùn lè wà. Nọ́ọ̀sì tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní yàrá iṣẹ́ abẹ lè má tíì tọ́jú ọmọ ọwọ́ tí ibà ń ṣe rí. Nítorí náà, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé, ìlera obìnrin, ọpọlọ, pàjáwìrì àti iṣẹ́ abẹ.

Ètò àkókò gan-an ló ń dí àwọn ènìyàn lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè ìrírí kí wọ́n tó gbani wọlé, síbẹ̀ tí ènìyàn bá wọlé tán, wọn a ní kó fi iṣẹ́ tó ti rí ìrírí ọ̀hún sílẹ̀ (ọ̀rọ̀ náà máa ń yà mí lẹ́nu). Ta ni yóò wá bọ́ ìdílé rẹ̀? Yunifásítì Yale bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2018, èyí tó fi hàn pé kò pọn dandan kí ènìyàn ṣí kúrò níbi tó ń gbé, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gba gbogbo àkókò akẹ́kọ̀ọ́. Kí ló dé tí wọn kò fi lè tan apá inú ìwé, bí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti ti oògùn, ká ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ní ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀? Kí ilé ẹ̀kọ́ sì sọ fún olùbẹ̀wẹ̀, kó tó san kọ́bọ̀, iye oṣù tí kò ní lè ṣiṣẹ́ rárá.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín