Ìkéde: Ẹ kó script yín wá

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn.

A ti ṣí repository kan (ibi tí a ń kó kóòdù pa mọ́ sí) lórí GitHub fún àwọn script kéékèèké (àwọn àṣẹ tí a kọ jọ fún kọ̀ǹpútà) àti config (fáìlì ètò) tí kálukú wa ń lò. Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó jọ yẹ̀ wọ́n wò lórí Google Meet. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Èyí kò gba àwàdà o: ẹ má fi password tàbí API key (kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ètò kan fi ń bá òmíràn ṣiṣẹ́) sínú rẹ̀. Inú fáìlì .env ni kí wọ́n wà, kí ẹ sì kọ .env sínú .gitignore (àkọsílẹ̀ àwọn fáìlì tí Git, ètò tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù, kò ní kó) kí ẹ tó commit, ìyẹn kí ẹ tó fi àyípadà yín sínú Git. Bó bá ti wọlé, pípa á rẹ́ nìkan kò tó, torí ó ṣì wà nínú history (àkọsílẹ̀ àwọn àyípadà àtẹ̀yìnwá). Ẹ tètè pààrọ̀ key náà ni.

Tó bá jẹ́ èdè Bash ni ẹ fi kọ script yín, ẹ kọ `set -euo pipefail` sókè, kó lè dúró níbi tí àṣẹ kan bá ti kùnà. (Ẹni tí `rm -rf`, àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́ láìbéèrè, bá ti jẹ fáìlì rẹ̀ rí yóò mọ ìdí.)

Ẹni tó ń bọ̀, kó dáhùn síbí, kó sì dárúkọ ohun tó fẹ́ mú wá.

Akọ̀wé ẹgbẹ́