Ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi dúró de ọ̀gá

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi retí kí ọ̀gá mi rán mi lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ àwọn ọkùnrin nìkan ló ń jáde; wọ́n ní èmi ní ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì!

Nígbà tí mo kó àjọ mi lọ́dún tó kọjá, mi ò fi ra aṣọ ẹbí. Mo fi sanwó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Pánṣẹ́kẹ́. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ, ọkọ mi á sì dáná (ìrẹsì rẹ̀ kì í jinná dáadáa, ṣùgbọ́n à ń jẹ ẹ́). Ìṣirò owó oṣù tí mo máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe sínú ìwé ńlá, kí ọ̀sán tó pọ́n ni mo ti ń parí ẹ̀ lórí Excel báyìí.

Ní Abẹ́òkúta yìí kan náà, láwọn ọdún 1940, ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà. Àwọn yẹn ò dúró de ọ̀gá kankan.

Síbẹ̀, ẹ bá mi bi àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́: kí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó kọ orúkọ àwọn tó ń lọ?

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé owó kan,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.