Ìwé Àwọn Aláró Wà Nílẹ̀, Ẹ Jẹ́ Ká Lọ Kà Á

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ nínú ìwé ìròyìn yín lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló mú mi kọ̀wé. Ó ní kò sí bí a ṣe lè mọ ìtàn àwọn oníṣòwò wa àtijọ́, torí pé àwọn ìyá wa kò mọ̀wé, wọn kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ọ́kọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbowó orí lọ́wọ́ wọn mọ̀ọ́kọ. Ilé ìtajà òyìnbó tó ń ta aṣọ láwìn fún wọn mọ̀ọ́kọ. Akọ̀wé kóòtù mọ̀ọ́kọ, àwọn tó ń bá wọn kọ lẹ́tà sí ìjọba náà sì mọ̀ ọ́n kọ. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ ṣì wà nílẹ̀ títí dòní.

Ọmọ aláró ni mí, ní Kẹ́mta, Abẹ́òkúta. Ìyá tó bí ìyá mi ló ń rẹ aṣọ. Nígbà tí èmi àti àwọn àbúrò mi pinnu láti kọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí gbogbo ẹbí ń sọ ni pé kí rélùwéè tó dé ni ìyá àgbà ti ń ta àdìrẹ. Aṣọ kan wà nínú àpótí rẹ̀ tí wọ́n máa ń fi han àlejò pé aṣọ tí ìyá àgbà kọ́kọ́ rẹ láyé rẹ̀ nìyẹn. Mo tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, mo wò ó fínnífínní. Àwòrán ọba àti olorì òyìnbó ló wà láàárín, adé wà lórí àwọn méjèèjì, lẹ́tà sì yí wọn ká. Díẹ̀ nínú lẹ́tà náà dorí kodò, bóyá torí pé ẹni tó gé páànù tí wọ́n fi tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ, kí aró má bàa mú ibẹ̀, kò mọ̀wé kà. Ọba George Karùn-ún àti Mary aya rẹ̀ ni. Ọdún 1935 ni wọ́n ṣe àjọyọ̀ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ọba náà ti gorí ìtẹ́, ìgbà yẹn sì ni irú àwòrán yìí wọ inú àdìrẹ. Rélùwéè ti gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn láti 1901. Kò sí bí aṣọ yẹn ṣe lè ṣáájú 1935. Àwọn àgbà ilé kọ́kọ́ fajú ro, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọdún kan tó dájú níyì fún ìyá wa ju ìtàn gígùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lọ.

Ọdún 1935 yẹn ni mo mú dání lọ sí National Archives, ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ṣe wàhálà rẹ̀ títí ìjọba fi dá a sílẹ̀ ní 1954. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù. Wọ́n á dé ibẹ̀, wọ́n á béèrè orúkọ ìyá wọn, wọ́n á ní kò sí, wọ́n á sì padà sílé. Wọn kì í fi orúkọ ènìyàn to fáìlì níbẹ̀. Ọ́fíìsì tó kọ ìwé ni wọ́n fi ń tò ó. Àmì ọ́fíìsì ẹkùn Abẹ́òkúta ni Abe Prof, ti Ìjẹ̀bú ni Ije Prof, ti Ọ̀yọ́ ni Oyo Prof, CSO sì ni ti akọ̀wé àgbà ìjọba ní Èkó. Ọjà tí ènìyàn ń tà ni kí ẹ máa wá: àdìrẹ, aró, aṣọ, òwú, kòkó. Kí ẹ sì rántí pé òyìnbó kì í kọ orúkọ wa bó ṣe yẹ. Ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Báyìí lè jẹ́ pé orúkọ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ mọ́ nínú ìwé.

Ohun tó wà níbẹ̀ nípa àwọn aláró Abẹ́òkúta pọ̀ débi pé inú mi dùn, inú sì tún bí mi pé ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún wa ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà ìyá àwọn ìyá wa, ewé elú ni wọ́n ń gún, wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù, wọ́n á sá a, wọ́n á wá fi omi eérú rẹ ẹ́ nínú ìkòkò fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó mú aṣọ. Nígbà tó yá, aró òyìnbó dé, èyí tí ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń tà láti 1897, pẹ̀lú sódà tó ń mú iṣẹ́ yá. Àwọn kan wá ń ráhùn pé aṣọ ń ṣí, pé ó ń já. Ní 1936, Aláké Ladapo Ademola fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n gba lọ́yà, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, wọ́n pe àwọn aláró wá sọ tẹnu wọn. Àwọn obìnrin tí wọ́n ní wọn ò kọ nǹkan sílẹ̀ ló dúró níwájú ìgbìmọ̀ yẹn tí akọ̀wé ń kọ ọ̀rọ̀ wọn! Nínú àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ ayé ìgbà yẹn, ẹ ó rí i tí orúkọ tò lọ títí, ìtẹ̀ka tàbí àgbélébùú kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé ìka mi lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn, n ò jẹ́ kó kan tàdáwà náà, mo sì mọ̀ pé aláró ẹlẹ́ran ara ló fọwọ́ síbẹ̀.

Ìwé kóòtù ìbílẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Níbi tí gbèsè bá ti di ẹjọ́, ẹ ó rí iye aṣọ, iye owó, ẹni tó ṣe onídùúró. Gbogbo ìṣòwò ẹni náà á hàn síta.

Ibòmíràn ni inú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́. Abẹ́òkúta wa níbí ni Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á, ọ̀rọ̀ ọjà sì wà nínú rẹ̀. Èkó Akéte dé ní 1922, Yoruba News ti Ìbàdàn ní 1924, Akéde Èkó ní 1928. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òṣèlú ojú ewé iwájú sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ ka ìpolówó ọjà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí télọ̀, onírán-bàtà, olóògùn, ẹni tó ń tẹ̀wé, pẹ̀lú òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Bí ìpolówó bá ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó wá dáwọ́ dúró lójijì, ìyẹn náà ti sọ nǹkan fún yín.

Apá kan ìtàn yìí kò sí nílẹ̀ wa. Ìwé UAC, ilé iṣẹ́ ìṣòwò òyìnbó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, wà ní Port Sunlight lẹ́bàá Liverpool. Ó dùn mí pé ọmọ Ẹ̀gbá ní láti béèrè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó mọ bí wọ́n ṣe bá ìyá rẹ̀ ṣòwò. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni èyí tí àwa fúnra wa ń bàjẹ́. Bí oníṣòwò bá kú, kí wọ́n tó sin ín tán, àwọn ọmọ ti kó rìsíìtì, ìwé ìṣirò, ìwé àjọ àti káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀ dáná sun, wọ́n ní ìdọ̀tí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ kó wọn kúrò nílẹ̀ nítorí ikán, ẹ fi fóònù yín ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn àwọn fọ́tò àtijọ́ kí àgbàlagbà tó mọ àwọn tó wà nínú wọn tó gbàgbé.

Ẹ̀yin Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan síwájú yín. Láti 1970 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá ń tẹ̀wé jáde fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí National Library, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀. Ẹ rí i pé tiyín ń dé ibẹ̀, torí ìpolówó tí ẹ ń gbé jáde lónìí ni àwọn ọmọ wa máa wá kà lọ́la. Kí ẹ sì fún wa ní ìlàjì ojú ewé kan lóṣooṣù, tí ẹ ó máa tún ìpolówó àtijọ́ kan tẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé bóyá wọ́n mọ ẹni náà tàbí ojúlé rẹ̀. Ẹ máa kọ orúkọ ìwé ìròyìn tó ti jáde àti ọjọ́ rẹ̀ sí i, kí ẹni tó bá fẹ́ wá a lọ lè rí i.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Aláró, Kẹ́mta, Abẹ́òkúta